Etí Bàbá Sọ̀fíyàt

Láti Ògbà títí dé Ìlúpéjú, bí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan bá dáṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ẹnjiníà tú u títí tí wọn ò rí ohun tó ń ṣe é, ẹnì kan ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ràsákì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ẹ̀rọ ní Agége, ṣùgbọ́n Bàbá Elétí ni gbogbo ayé ń pè é. Bó bá dé, yóò ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Yóò tẹrí sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, yóò fọwọ́ lé e lára, yóò wá ní, "Bíárìn ẹ̀yìn ló ń kú lọ," tàbí, "Wáyà inú rẹ̀ ti jó." Wọ́n á tú u, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n á sì bá a.

Sọ̀fíyàt ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọdún kejìlá rèé tí ìyá ọmọ náà ti dolóògbé. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló wá bá wọn gbé láti tọ́ ọ. Sọ̀fíyàt ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí, ẹnjiníà ni òun náà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike omi ní Ìkẹjà. Lọ́dún tó kọjá, ó gbọ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà GRA, lórí AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kọ̀wé sí wọn. Ìwé náà ò gùn: "Bàbá mi máa ń gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, kí ìmọ̀ náà má bàa bá wọn lọ."

Wọ́n mú un.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí kálukú wá fi iṣẹ́ tó ti ṣe rí hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó lo awò ojú dìde, ó ní Ọlọ́runníyì lórúkọ òun, Ìlúpéjú lòun ti wá, yunifásítì lòun sì ti ń ṣèwádìí. Ó gbé ohùn ọkùnrin kan sáfẹ́fẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tí ariwo ti bo gbogbo ẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ariwo lọ, ohùn ọkùnrin náà dá ṣáká. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sọ̀fíyàt kó tó mọ̀.

Ọlọ́runníyì yíjú sí i. "Àbí mo ṣe nǹkan tó pa yín lẹ́rìn-ín ni, sistá?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ariwo yẹn padà ká tún un gbọ́." Ó dá a padà. Sọ̀fíyàt na ìka sókè. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń ya bí aṣọ yẹn? Ẹ̀rọ yẹn ti ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ pé oòrùn mú lónìí ni ọkùnrin yẹn ń sọ. Ẹ̀rọ ló ń sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀yin wá pa á lẹ́nu mọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ara ta Sọ̀fíyàt. Ó rò pé òun ti dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àwo rẹ̀ wá, ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ kọ́ mi," ó ní.

"Kí ni kí n kọ́ yín?"

"Ohun tí mò ń pè ní ariwo."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà Akínfẹ́nwá tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà so wọ́n pọ̀ sórí iṣẹ́ kan. Kó tó di ọjọ́ kẹfà, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó yí padà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Dókítà pè wọ́n. "Bí ẹ bá lè kó ohùn ẹ̀rọ tó pọ̀ jọ, tí àgbà oníṣẹ́ kan sì sọ ohun tó ń ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn, ẹ máa bọ́ síwájú ní àpérò ńlá tá a fẹ́ ṣe lóṣù kọkànlá."

Àgbà oníṣẹ́ wà nílẹ̀ kẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni Ọlọ́runníyì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Agége. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí gíréèsì ti mu. Bàbá Elétí wo ṣòkòtò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi. Aṣọ yẹn ò ní mọ́ mọ́ láyé." Àárín ọ̀sẹ̀ ni Ọlọ́runníyì á lọ gba ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ káàkiri ilé-iṣẹ́. Bó bá di Sátidé, Bàbá á de íápíìsì ńlá tó bo etí méjèèjì, á dijú, á máa sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin náà á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé oṣù kẹsàn-án, ohùn irínwó ti wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohùn ló wà fún iṣẹ́. Bí Ọlọ́runníyì bá ń kọjá ní Maryland, tó gbọ́ ẹ̀rọ ata, á gbà á sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Sọ̀fíyàt. "Kí ló ń ṣe eléyìí?" Sọ̀fíyàt á dáhùn, "Bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀." Á tún gba ti jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Eléyìí ńkọ́?" "Ebi ọ́ìlì ló ń pa á." Sọ̀fíyàt á wà lẹ́nu iṣẹ́, á máa wo fóònù bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan wọlé tí kò dá mọ̀. Ó ń lù kì, kì, kì, ó ń yára, ó tún ń fà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Mi ò mọ eléyìí," ó kọ ọ́ sí i. "Ẹ̀rọ wo ni?"

"Àyà mi ni. Mo gbé fóònù lé e."

Sọ̀fíyàt gbé fóònù sétí, ó tún un gbọ́. Ó kọ̀wé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. "Kí ló wá ń ṣe é?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

Sọ̀fíyàt ki fóònù bọ àpò. Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nílé ìdáná, ó ní, "Màmá, ẹnì kan wà." Àbẹ̀kẹ́ ò tilẹ̀ yíjú kúrò nídìí ìkòkò. "Mo ti mọ̀. Gbogbo Sátidé ni mò ń dín dòdò fún un, ṣé o rò pé nítorí kọ̀ǹpútà ni?"

Àbẹ̀kẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àbúrò rẹ̀. Bàbá Elétí fẹ́ràn ọmọ náà, kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ṣáájú ló ti bi í léèrè irú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, Ọlọ́runníyì sì ti fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn: "Aládùúrà ni wá, sà. Ìyá mi gan-an ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá ní, "ọmọ kan ni mo bí. Bí mo bá kú, ta ni yóò dúró lórí sàréè mi tọrọ àánú fún mi? Àwọn ọmọ-ọmọ aláṣọ funfun?"

"Ràsákì, wo ẹ̀yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ni kò ní Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ lábẹ́ òrùlé kan?"

"Ìyẹn jẹ́ tiwọn."

Àbẹ̀kẹ́ ò dúró níbẹ̀. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó gba Ìlúpéjú lọ bá Ìyá Àdúrà nílé. Nígbà tó padà dé, Sọ̀fíyàt ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n sọ, Màmá?"

Àbẹ̀kẹ́ tú gèlè rẹ̀ kó tó fọhùn. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ ò ju báyìí lọ, àdúrà ti há a lọ́fun. Ó ní ọdún mẹ́tàlá lòun fi wá Ọlọ́runníyì, pé ọmọ tí òun fi àwẹ̀ gbà, òun ò fẹ́ kó ti ẹnu ọ̀nà òun lọ síbòmíràn. Ó ní òun ò kórìíra rẹ o."

"Ìyẹn ni pé rárá ni?"

"Kò sọ rárá. Ó bi mí bóyá o máa ń kí àgbà dáadáa."

Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń wọlé tọ àbúrò rẹ̀. Ní ọjọ́ tó yanjú, ohun tó sọ fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: "Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti lọ, ìgbà wo lo tún gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé yìí bíi ti àìpẹ́ yìí?" Bàbá Elétí pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn ná. Bí àpérò bá ti kọjá, lọ́jọ́ Sunday, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Màá gbọ́ tẹnu wọn."

Inú Sọ̀fíyàt dùn débi pé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Ayọ̀ náà ò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ọlọ́runníyì ní kó wá pàdé òun ní Maryland lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó débẹ̀, ọmọkùnrin náà ti ṣí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ̀rọ mọ́kàndínlógójì ló wà níbí," ó ní, "tí Bàbá sọ pé kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Kọ̀ǹpútà ní bíárìn wọn ń kú. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe. Mo wá lọ bẹ àwọn tó ni méjìlá nínú wọn kí wọ́n jẹ́ ká tú u wò." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Mọ́kànlá ni bíárìn rẹ̀ ti jẹ, Sọ̀fíyàt."

"Bàbá mi kì í ṣìṣe."

"Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í ṣìṣe lóòótọ́. Inú íápíìsì nìkan ni. Ohùn tó bá ti tín-ín-rín bíi súfèé, wọn ò gbọ́ ọ rárá."

Sọ̀fíyàt fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ojú inú rẹ̀ ti rí bàbá rẹ̀ tó tẹrí sára ẹ̀rọ, tó dijú, tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lára. Ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sókè tí ará ilé kejì á máa bínú. Ó rántí fóònù wọn tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọn ò wo ibẹ̀.

"Ọwọ́ wọn ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn nínú íápíìsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò ó."

"Ó dáa. Yọ mọ́kàndínlógójì yẹn kúrò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi á mọ̀. Bí a bá ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní irọ́, ọjọ́ kan ẹ̀rọ á já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní àpérò. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láì tíì sọ fún Bàbá."

Ojú Sọ̀fíyàt yí padà. "O fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi pé adití ni wọ́n? Bàbá Elétí? Nígbà tó ku oṣù kan kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ mi?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n parọ́ fún wọn kí wọ́n tó fi ọmọ fún mi?"

"Bó o bá sọ ọ́ fún wọn, má wulẹ̀ tẹsẹ̀ wọ ilé wa mọ́."

Ó dìde, ó lọ. Kò wẹ̀yìn, nítorí bó bá wẹ̀yìn, yóò sunkún.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ohùn kankan ò wọlé sórí fóònù. Gbogbo ẹ̀rọ tí Sọ̀fíyàt ń gbọ́ ní ilé-iṣẹ́ ló ń bi í ní ìbéèrè tí kò rẹ́ni fi ránṣẹ́ sí. Ó bínú sí Ọlọ́runníyì, ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun tún ń wá a. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé òótọ́ wà lọ́rọ̀ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ń dá gbé inú ìdákẹ́jẹ́ kan, gbogbo wọn sì ń yìn ín débi tí kò fi rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tó le."

Bàbá Elétí gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ ti etí mi ni, ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣáájú rẹ. Tuesday ló wá."

Sọ̀fíyàt gbójú sókè wò ó.

"Mo lé e jáde," Bàbá ní. "Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tó wà, kò dá mi lóhùn, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ákísà, ó nù ún títí bí ẹni pé ìdọ̀tí náà ò fẹ́ lọ. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti mọ̀, Sọ̀fíyàt. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ojú ló ń tì mí. Kí ni wọ́n á máa pe Bàbá Elétí tí kò létí mọ́? Nínú àwọn èèyàn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, àwọn kan ti fura, mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè wò mí lójú sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbọmọ lọ́wọ́ mi ló wá sọ ọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bínú mọ́. Mo ti rò ó. Ọkùnrin tó bá lè parọ́ fún mi nítorí kó lè fẹ́ ọ, á parọ́ fún ọ nígbà tó bá fẹ́ ọ tán. Pè é kó wá."

Sọ̀fíyàt yọ fóònù jáde. "Bàbá ní kó o wá," ló kọ. Ó tún fi kún un: "Èmi náà ní kó o wá."

Nígbà tí Ọlọ́runníyì dé, kò bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró síta, ó ń wojú Sọ̀fíyàt. "O ní kí n má tẹsẹ̀ wọlé mọ́."

"Ilé ni mo sọ. Ṣọ́ọ̀bù nìyí." Ó yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Mo wá sọ fún wọn lónìí. O ti ṣáájú mi débẹ̀."

Bàbá Elétí na ọwọ́ sí i láti inú lọ́hùn-ún. "Gbọ́, mo fẹ́ bi ọ́. Bí mo bá kú ńkọ́, ta ni yóò dúró lórí sàréè mi?"

Ọlọ́runníyì mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi í. Ó bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. "Mi ò lè ṣèlérí ohun tí mi ò ní ṣe, sà. Mi ò ní di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní dí Sọ̀fíyàt lọ́wọ́ ìrun àti ààwẹ̀ rẹ̀ nílé mi. Àwọn ọmọ wa á mọ ibi tẹ́ ẹ sùn sí, wọ́n á sì mọ orúkọ yín."

"Mo ti gbọ́," Bàbá ní. Kò sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, kò sì sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó tẹ́ ẹ lé ara ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. "Dijú. Kí lo gbọ́?"

"Ó ń gbọ̀n, sà. Ó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì méjì."

"Ẹ̀hẹ́n. Ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ kó tó dé etí. Kọ ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà rẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn mẹ́ta fi ṣe é. Wọ́n ń so fóònù mọ́ ara ẹ̀rọ kó lè gba gbígbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, Bàbá á fọwọ́ kàn án, á sọ tirẹ̀, wọ́n á tú u wò.

Lọ́jọ́ àpérò, gbọ̀ngàn kún fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Sọ̀fíyàt àti Ọlọ́runníyì jọ bọ́ síwájú. Wọ́n sọ ohun tó bà jẹ́, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe, wọn ò dárúkọ ẹnì kankan. Arákùnrin kan dìde: àgbà oníṣẹ́ tó ṣìṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún gbà á gbọ́? Kí Sọ̀fíyàt tó la ẹnu, bàbá rẹ̀ ti dìde ní ìlà kejì, ní bùbá funfun. Dókítà Akínfẹ́nwá tó jókòó tì í ti ń túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sétí ọ̀tún rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ, igbe náà ló jẹ mí létí. Mo fi pamọ́. Ọmọ yìí ò bá mi fi pamọ́." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn rí i, dúdú ọ́ìlì ṣì wà nínú èékánná. "Ṣùgbọ́n èyí ò tíì di."

Sọ̀fíyàt túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé ìparí, ó yíjú sí Ọlọ́runníyì, òun ló sì bá a sọ ìyókù. Gbọ̀ngàn dìde dúró.

Síbẹ̀, ìyẹn ò tíì di ìgbéyàwó. Lẹ́mọ́mù àdúgbò ti sọ fún Bàbá jẹ́jẹ́ pé irú yìgì bẹ́ẹ̀, òun ò lè so ó. Bàbá ò bá a jà. Bó bá máa ṣeé ṣe, rẹ́jísírì Ìkẹjà ni wọ́n á lọ. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọjọ́ Sunday náà.

Ìyá Àdúrà dé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin kékeré ni, nínú ìró àti bùbá aláwọ̀ sánmà. Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ kí i, Ìyá Àdúrà wo orí rẹ̀ tó fi híjáàbù bò, ó gbá a ní èjìká pẹ́pẹ́, ó sì kọjá wọlé. Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Àwọn ẹbí sọ tiwọn, ó kan Ìyá Àdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ohùn rẹ̀ tó ti há. Sọ̀fíyàt rí ojú bàbá rẹ̀, ó mọ̀ pé wọn ò gbọ́ kankan. Àwọn ọjọ́ ìṣáájú, wọn ì bá kàn mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá," Bàbá Elétí ní. "Ẹ má bínú. Etí òsì mi ò gbọ́ mọ́. Bẹ́ ẹ bá lè súnmọ́ mi díẹ̀, lápá ọ̀tún."

Ìyá Àdúrà dìde, ó gba àárín àlejò kọjá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Bàbá Elétí lórí àga kan náà. Ó tẹ ẹnu sí etí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Ọlọ́runníyì ń wo Sọ̀fíyàt, Sọ̀fíyàt ń wo bàbá rẹ̀. Ètè bàbá náà mì. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

"Wọ́n ní," ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní bí mo bá ṣáájú wọn lọ, Sọ̀fíyàt ò ní dá dúró lórí sàréè mi. Wọ́n ní kó ṣe àdúrà tirẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, àwọn á dúró tì í títí tó fi máa ṣe é tán."

Àbẹ̀kẹ́ ń fi etí ìró nu ojú. Bàbá Elétí gbé fìlà rẹ̀ padà sórí, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Sọ̀fíyàt, kí lo ṣì ń wò? Lọ bu omi tútù wá fún ìyá rẹ."